Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ifan lóṣòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà.
"Heulwen, ẹ wá wò ó."
Mo wò ó. Eyín rẹ̀ ṣì gùn,
owó ẹyọ lè sá pamọ́ síbẹ̀ kó má yọrí.
Mo ní kí ló ṣe é? Kò tíì jẹ.
Ó rẹ́rìn-ín: "Táyà ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sínú rẹ̀
kì í kú ikú ìrìn. Ìjókòó ní ń pa á."

Òótọ́ ni. Ọdún méjì àbọ̀ ló ti dúró lẹ́bàá ògiri,
òjò Bala ń pa á,
àgùntàn aládùúgbò ń fi í họra.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́,
ó ti sán wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ àgbà nígbà òtútù.
Ifan nu ẹrẹ̀ kúrò, nọ́ńbà mẹ́rin yọjú:
ọ̀sẹ̀ kejìlélógún, ọdún kẹrìnlá.
Ẹni tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí lára,
báwo ni yóò ṣe purọ́ ọjọ́ orí?

Gethin ló ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ná an, ó ná an,
títí ọlọ́jà fi ní kó kúkú máa gbé e lọ.
Ọkọ lọ, ọkọ̀ kù.
Lowri ọmọ mi ní kí n tà á.

Ifan to oríṣi mẹ́ta sílẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ bàtà.
Ọ̀kan pọ́ọ́kú, orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pè.
Ọ̀kan kì í pariwo lójú títì, àmọ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn ni;
bó bá rí koríko tútù, ojú kan ni yóò ti máa yí.
Ọ̀kan ní àwòrán òkè àti yìnyín lára,
wọ́n hun ún nípọn nítorí ẹrù,
owó rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ.

Ó mú bírò. "Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù."
Mo kà á fún un: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, sílíńdà gáàsì,
àgbá omi, kẹ̀kẹ́ tó so mọ́ ẹ̀yìn, àpótí irinṣẹ́
tí n kò mọ orúkọ ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀.
"Èèyàn ńkọ́? Ẹ̀yin mélòó?"
Mo ní, "Méjì."
Bírò dúró.
Ó mọ̀. Òun náà wà lára àwọn tó gbé pósí,
apá òsì, lẹ́yìn.
Kò tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó kọ méjì.
Mo mú èyí tó lè gbé méjì.

Kó tó lọ, ó ní kí n máa wa ọkọ̀ jáde lóṣooṣù,
bó tilẹ̀ jẹ́ dé ìdí ọjà lásán.
Ó ní kí n má fi táyà àtijọ́ gbin ọ̀dùnkún.
Mo ní ta ló sọ ti ọ̀dùnkún?

Mo dá wà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ pa tuntun lára.
Irun rọ́bà wẹ́wẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀
bí ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Mo wá nọ́ńbà rí: ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọdún yìí.
Ẹ kò bá a láyé.
Ó dáa. Ọ̀nà etíkun ló fẹ́ràn.
Ẹ rọra o, kọ́nà kan wà lẹ́yìn Harlech
tó máa ń ṣépè fún.