Irin Tó Lọ́

Ní Wínípẹ̀gì, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, èémí ẹni a máa di yìnyín sórí irùngbọ̀n.
Bóhdán na sìpánà sí mi, kò bi mí ní nǹkan kan.
Òkú ọkọ̀ là ń tú jẹun; ó ti mọ̀
pé Kòrólà fàdákà tí wọ́n wọ́ dé láàárọ̀ yìí,
tí imú rẹ̀ rún wọnú bí agolo tí ẹsẹ̀ tẹ̀,
ti Ìbídùn ni.

Ìbídùn wà nílé. Ó ń mu tíì.
Àmì kan là á láyà láti èjìká òsì dé ìbàdí,
ó dúdú, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta.
Ó ní bí òun bá rẹ́rìn-ín, ó ń dun òun,
ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ṣí ìdérí òpó ilẹ̀kùn.
Ibẹ̀ ni àpótí náà sá pamọ́ sí,
kò ju ìkúùkù lọ.
Òun ni Ìbídùn máa ń bá jà láràárọ̀
bó bá ti pẹ́ kó tó jáde síbi iṣẹ́, tó já bẹ́líìtì gbà,
tí bẹ́líìtì dún kà! tí kò wá mọ́.
"Ohun burúkú yìí!"
Èmi a ní: fà á pẹ̀lẹ́.
Pẹ̀lẹ́ nìkan ló gbọ́. Kò gbọ́ ìjágbà.

Okùn yẹn kì í sùn.
Sípíríǹgì kan ló ń ká a mọ́ra
bí ẹni ń fa ṣòkòtò tó ń yọ̀.
Nawọ́ sí rédíò, yóò bá ọ lọ;
yíjú wo ọmọ lẹ́yìn, yóò bá ọ yí.
Ṣùgbọ́n ọta irin róbótó kan jókòó sínú abọ́ nísàlẹ̀,
ọkọ̀ ló ń ṣọ́.
Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, òun ò ní dúró:
yóò yí gun etí abọ́, yóò ti ọ̀pá kan sókè,
ọ̀pá á ki ẹnu bọ eyín kẹ̀kẹ́,
ó parí.

Lánàá, kí Ìbídùn tó pe "Jé—" tán lórí yìnyín,
ẹ̀tù bíńtín ti bú ní kọ̀rọ̀,
ó ti fa gbogbo ibi tí okùn dẹ̀ padà,
ó ti so ó mọ́ ìjókòó.

Mo fẹ́ pè é ní ọ̀já. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn dini mú,
tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́, òun náà lè pani.
Egungun ìhà kò ju igi ìṣáná lọ.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tú u lọ, tí ìka mi ti kú,
títí mo fi kan ọ̀pá irin àárín kẹ̀kẹ́,
èyí tí wọ́n rọ kó lè lọ́.

Ó ti lọ́. Yípo méjì àti ààbọ̀,
bí aṣọ tí a fọ̀ tí a fún.
Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra;
irin yìí ò ní ju ọwọ́ kan lọ,
ó fi ṣe méjèèjì.

Bóhdán ní, "Ìyẹn ò ṣe é tà mọ́."
Mo ní mo mọ̀.
Mo jù ú sápò kóòtù, ó tutù wọ itan mi dé ilé.

Ìbídùn gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
"Eléyìí?"
Eléyìí.
Ó gbé ife tíì kalẹ̀.
"Mo mà bú u láàárọ̀ àná."