Ọwọ́ Amọ̀kòkò

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi mọ ìkòkò ní Òkèlélé,
amọ̀ mọ àtẹ́lẹwọ́ mi ju ìyá tó bí mi lọ.
Làkúrègbé dé, ó lọ jókòó sí oríkèé ìka,
n ò lè wé gèlè mọ́.
Àwọn ọmọ ní kí n sinmi.
Mo sinmi títí, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbòǹgbò.

Agídìgbo olóògbé wà lókè àjà,
ahọ́n irin márùn-ún, ọ̀kan ti dá.
Mo gbé e lé itan lálẹ́ Àlàmísì kan.
Ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.
Ráfíù ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín ṣubú.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún un ta.

Oṣù mẹ́jọ rèé.
Bí mo bá kírun àsùbá tán, àtàǹpàkò ló ń kọ́kọ́ jí,
ìyókù ń kùn tẹ̀lé e.
Ìyá Kúdí ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì,
à ń jiyàn orin tí a ti gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Orókùn? Ó ṣì ń dùn mí.
Ṣùgbọ́n lánàá mo wé gèlè fúnra mi.
Kò sẹ́ni tó rí i.
Mo tú u, mo tún un wé.