Pọ́ńpù Bàbá Mi

Yìnyín ń bọ́ ní Tibilísì.
Mo gbé pọ́ńpù omi bàbá mi kalẹ̀ sórí tábìlì,
mo ní: "Kò fa omi mọ́. Báwo lẹ ó ṣe é?"

Malkhaz ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì.
Zurab ti tú u palẹ̀ kí tíì rẹ̀ tó tutù;
ó tò ó pọ̀,
nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

Eteri ò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Ó kàn ń wò ó, ó ń wò mí.
"Ta ló lò ó kẹ́yìn, mà?
Ariwo wo ló ń pa?"

Kálámù bọ́ lọ́wọ́ mi.
Èmi ni, ọmọ mi. Kò pariwo kankan.
Ọdún tí kànga wa gbẹ ni.