Àjà Inú Omi

Èmi ni mo jókòó sókè nínú ọkọ̀ onígi,
níwájú Kaukira, ní etíkun Họndúrásì,
tí mò ń ṣọ́ ìfóòfó èémí àbúrò mi.
Okùn ni mo fi so ìbàdí mọ́ pákó:
ó di ọdún mẹ́sàn-án tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti kú.

Màmá wa ní Líwa ló mú wọn,
obìnrin inú òkun, torí mo kó edé ńlá rẹ̀ jù.
Mi ò bá a jiyàn.
Ṣùgbọ́n mo rántí: àgbá afẹ́fẹ́ méjìlá lóòjọ́,
mo sì ń ta sókè bí igbá tí a tẹ̀ rì.

Afẹ́fẹ́ tí a mí nísàlẹ̀, gbèsè ni.
Ẹ̀jẹ̀ ló yá a, ẹran ara ló fi pamọ́;
bí o bá sáré gòkè,
á hó nínú eegun ẹ̀yìn rẹ.

Kọ̀ǹpútà wà lọ́rùn ọwọ́ Wáldín bí aago.
Ó ku iṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó ku márùn-ún.
Edé kan ṣì ń ju irùngbọ̀n lábẹ́ àpáta.
Òdo.
Àjà bá yọ lórí rẹ̀,
àjà tí ojú kò rí, tí orí kò gbọdọ̀ kàn:
mítà mẹ́ta, iṣẹ́jú mẹ́rin, dúró.

Wàràwàrà là ń yọ ẹsẹ̀ nínú iná;
omi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ń wò ó nísàlẹ̀ mi, ó di okùn ìdákọ̀ró mú,
ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà.
Àjẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kàn án lórí.
Mi ò pè é.
Má tíì wá, àbúrò.
San án tán.