Títò Nọ́ńbà ní Sàmárù

Ọyẹ́ mú. Eruku Sàmárù jókòó lórí kọ̀ǹpútà mi
bí àlejò tí wọn ò fún lóúnjẹ tí kò sì fẹ́ lọ.
Iná ti lọ láti àṣálẹ́. Bátìrì ń jò lọ bí àbẹ́là.
Mo kó nọ́ńbà mẹ́rin síwájú ẹ̀rọ, mo ní, tò wọ́n.

Ó tò wọ́n kíá, àmọ́ aṣọ ọrùn wọn ló wò:
méjìlélógún tí a fi méje pín ló ṣíwájú,
torí ìdá lásán ni, kò ní àdììtú;
Páì tẹ̀ lé e, orúkọ kan ṣoṣo;
lẹ́yìn náà, gbòǹgbò tó pọn gbòǹgbò mìíràn sẹ́yìn;
gbòǹgbò èjì àti gbòǹgbò ẹ̀ta, tí àmì ìròpọ̀ so pọ̀, ló kẹ́yìn.
Bẹ́ẹ̀ náà ni Máláàmù Sàmbò ṣe ń tò wá ní Túdùn Wàdá,
A ṣáájú B, èmi Wúràọlá lẹ́yìn gbogbo ayé,
bí mo tilẹ̀ fi orí kan ga ju Àbú tó wà níwájú.

Mo ní rárá, gíga wọn ni kí o wò.
Ẹ̀rọ wá mú ọ̀pá. Páì àti ìdá:
ẹ̀ta, ẹ̀ta. Lẹ́yìn àmì: ení, ení. Ẹ̀rin, ẹ̀rin.
Lẹ́ẹ̀kẹta, Páì mú ení, ìdá mú èjì.
Ó tán. Ìdá fi irun kan ga jù ú.
Máláàmù, ẹ ní ọ̀kan náà ni wọ́n!
Ọdún mẹ́fà la fi gbà yín gbọ́.

Ó wá kan àwọn méjì tó kù.
Ẹ̀fà, ẹ̀fà. Èjì, èjì. Ẹ̀fà, ẹ̀fà.
Ó di ọgọ́rùn-ún, wọn ò yà. Ó di ẹgbẹ̀rún,
wọn ò yà.
Ọ̀pá ò mọ bí a ṣe ń sọ pé "wọ́n dọ́gba";
"mi ò tíì rí ìyàtọ̀" ni gbogbo èdè tó gbọ́.

Nínú ọgbà wa, Làrábà máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì
orí Hasana àti Usaina sára ilẹ̀kùn,
ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ìlà kan ṣoṣo.
"Kí lo tún ń wọ̀n?" ni mo bi í.
Ó ní, "Ẹni tó bí wọn ò nílò ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ló ń bẹ̀ mí."

Mo pa ọ̀pá tì. Mo ya páálí wàrà, mo gbé bírò,
mo fi kálukú ṣe ìlọ́po ara rẹ̀:
èjì pẹ̀lú ẹ̀ta, àrún;
ó ku ìlọ́po méjì gbòǹgbò ẹ̀fà.
Bákan náà lọ́tùn-ún. Bákan náà lósì.
Ilé kan ni wọ́n ti jáde.

Ojú ẹ̀rọ ṣú kí n tó kọ èsì sílẹ̀.
Ìwé kò sì ní ìlà tí ẹni méjì lè jọ dúró sí:
bí wọ́n bá pè wọ́n, Hasana ló ń kọ́kọ́ jẹ́,
Usaina a di etí aṣọ rẹ̀ mú.