Ó Di Ìrọ̀lẹ́

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni a máa ń fi oògùn eégbọn wẹ ẹran nílé wa,
lẹ́yìn ògiri, níbi tí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ti na òjìji rẹ̀ sórí páànù.
Oògùn náà ń ta. Ó ń ta ojú, ó ń ta imú,
ó ń ta ibi tí irun kò sí lábẹ́ ìrù.
Músé Bíọ̀, dókítà ẹran, ló kọ́ wa bí a ṣe ń pò ó:
ìdérí ìgò kan sí korobá omi kan.

Abilà, ewúrẹ́ mi, mọ ohùn korobá.
Bó bá ti gbọ́ tó kan ilẹ̀,
á ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà
bí àpò ẹ̀pà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé.
Ṣàbí, ọmọ ọmọ mi, fà á títí okùn fi bó o lọ́wọ́.
Ó sọ okùn sílẹ̀. Ó ní: "Bàbá, ó di ìrọ̀lẹ́."

Ìrọ̀lẹ́ dé. A wẹ̀ ẹ́. Oògùn ta á.
Kò pẹ́ tó ìgbà tí a fi ń pa awẹ́ obì kan.

Mo rò pé á kọ́gbọ́n,
pé ìdùbúlẹ̀ kò yẹ oògùn, ohun tó ń bọ̀ á dé.
Ìyẹn kọ́ ni Abilà kọ́.
Ohun tó kọ́ ni pé: mo dùbúlẹ̀, korobá sì lọ.
Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ó jẹ ewé kajú, ó jẹ èèpo ẹ̀gẹ́,
ó fi ẹ̀gbẹ́ yún ògiri. Wákàtí mẹ́jọ tí ohunkóhun kò ta á.
Owó ọ̀yà rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo ń san án.

Lọ́sẹ̀ kejì, kò dúró de korobá mọ́.
Ó gbọ́ ìlẹ̀kùn yàrá tí ìgò wà, ó dùbúlẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ó rí Ṣàbí nínú bàtà rọ́bà, ó dùbúlẹ̀.
Nígbà tí òjò fi rọ̀ dáadáa, ojoojúmọ́ ló ń dùbúlẹ̀,
kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ẹnikẹ́ni tó ronú oògùn.
Eégbọn so létí rẹ̀ bí hóró ẹ̀wà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní: ẹranko ni, kò lóye.
Fóònù dún lápò ṣòkòtò mi.

Filomẹ́nà ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, láti Àjàṣẹ́.
Kò tíì mọ̀ pé mo ti ta igi kajú bàbá wa,
gbogbo ọgọ́ta ìdí.
N ó sọ fún un. N kò sọ pé n kò ní sọ.
Mo kàn tẹ bọ́tìnì pupa. Ariwo dá.
Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, mo ní kí n jẹun ná.
Nígbà kejì, mo ní á ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Lọ́jọ́ kan mo tilẹ̀ wọkọ̀ dé Bóhíkọ́n:
mo sọ̀ kalẹ̀, mo ra búrẹ́dì, mo padà sílé.
Ní báyìí, fóònù aládùúgbò ló ń dún,
ọwọ́ mi á ti dé àpò.

Láàárọ̀ yìí mo ní kí Ṣàbí gbé korobá wá,
kó má fà á, kó má nà án.
Mo jókòó ti Abilà nílẹ̀, mo mú kànìnkànìn,
mo wẹ̀ ẹ́ níbi tó dùbúlẹ̀ sí.
Ó gbọn orí. Ó wò mí bí ẹni tí a rẹ́ jẹ.
Kò dìde. Kò mọ̀ pé ó ti parí.

"Bàbá, fóònù yín."

Ọwọ́ mi méjèèjì kún fún oògùn.
Ọmọ náà ti gbé e sétí mi, mo ń gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n mi.
Ẹnu mi ti ń ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.