Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sílẹ̀
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ẹnu ọ̀nà.
Yìnyín ti bò ó láti oṣù kọkànlá,
ṣùgbọ́n Verna Kowalczyk mọ ibi tó wà.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ẹ̀wù òtútù lórí aṣọ ìsùn,
ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ òsì, sìgá lọ́wọ́ ọ̀tún,
tí afẹ́fẹ́ adágún Duluth ń bá a fà á mu.

Àjà kẹsàn-án ni mo wà, mò ń wò ó.
Èmi náà wà níbi tí wọ́n ti ṣe òfin yìí.
Wọ́n pè wá sí yàrá ìpàdé nísàlẹ̀,
wọ́n fún wa ní bisikíìtì, pẹ̀lú kọfí tó ti tutù,
wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́.
Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Nítorí Hodan, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà àwa àti òun:
bí ọmọ rẹ̀ bá sùn, àyà ọmọ náà a máa súfèé.
Ògiri ilé yìí ti lanu tipẹ́,
kì í sì í ṣe aláǹgbá ló ń gbabẹ̀ wọlé.
Èéfín ń gba ihò wáyà, ó ń gba abẹ́ siǹkì,
ó ń lọ jókòó sórí ìrọ̀rí ọmọ ọlọ́mọ.

Royce Tibbets dìde,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kó òkúta irin sínú ọkọ̀ ojú omi.
Ó ní, "Àwọn tó nilé lórí òkè lọ́hùn-ún,
ta ló ń lọ gbóòórùn yàrá wọn?
Torí pé ìjọba ń bá mi san lára owó ilé,
ṣé ó ti wá ra ẹ̀dọ̀fóró mi mọ́ ọn ni?"
Gbogbo yàrá dákẹ́ lọ́ lọ́ lọ́.
Mo ní èsì kan lẹ́nu lọ́jọ́ náà.
N kò rántí rẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ òní, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí.
Hodan ló jáde, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́,
ó gbé àga alápapọ̀ há abíyá,
ó mú ike iyọ̀ dání.
Ó wọ́n iyọ̀ sórí yìnyín láti ẹnu ọ̀nà,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún adìyẹ lóúnjẹ,
títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Verna.
Ó ṣí àga. Verna jókòó.
Lẹ́yìn náà ló kẹ̀yìn sí Hodan pátápátá.
Bí o bá wà lókè níbí, wàá ní ìjà ni.
Afẹ́fẹ́ ló ń wò,
ibi tó ń fẹ́ sí.